Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Kọ́lá Tí Mi Ò Wò

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí ọmọ kan ti ń rákòrò. Ọmọ náà ti ń múra àtiwọ ilé-ìwé girama báyìí. Ìyá rẹ̀ kò sí nínú ilé tó ti ń múra. Èmi ni mo fà á, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni wọ́n lé kúrò nílé ọkọ. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín nísinsìnyí ni pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí kan. Kí ilé-ìwé tó wọlé ni wọ́n máa ṣe ìpàdé náà. Mi ò mọ ohun tí màá lọ sọ níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí nínú ìwé yìí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá wọn kiri.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ torí irọ́ ni mo ti jáde. Mo ń sọ ìyẹn kí ẹ má baà di ẹ̀ṣẹ̀ mi ru àwọn òbí mi. Mo kọ́ iṣẹ́ láàbù, iṣẹ́ yíyẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ríṣẹ́ sí láàbù aládàáni kékeré kan ní Ìdóàní. Ẹni tó ni ín ń gbé Ọ̀wọ̀, ó máa ń wá wò wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Àǹtí Láàbù ni gbogbo ọjà ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbi tí mo dé yìí: mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo máa ń kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, màá jẹ́ kó gbẹ, màá pa á láró, màá wá gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú lásán kò rí di ńlá. Màá wá kòkòrò ibà láti etí gíláàsì kan dé etí kejì. Ó máa ń pẹ́. Ọrùn á máa dunni. Tí mi ò bá rí nǹkan kan, màá kọ ọ́ pé mi ò rí nǹkan kan.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Ní agbègbè wa, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ti mọ ohun tó ń ṣe é kó tó kúrò nílé. Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Ó kàn fẹ́ kí láàbù bá òun fọwọ́ sí i ni. Oníkẹ́míìsì tó rán an wá náà ti mọ oògùn tó máa tà fún un. Ọkùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ wá láti oko, mo wò ó, mo ní kò sí ibà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ara obìnrin yìí ń jó bí iná, ẹ ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ yín gan-an ni kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó sọ ọ́ fún gbogbo ọ̀nà oko wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lọ síbòmíràn. Ọ̀gá mi wá láti Ọ̀wọ̀, kò bá mi jà. Ó kàn ní àyẹ̀wò tí kò bá rí nǹkan kan kì í mú ènìyàn padà wá. Ó yé mi. Ó tètè yé mi jù.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nìyẹn. Àmì pílọ́ọ̀sì méjì fún ibà, táífọ́ọ̀dù lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á máa bi ara wọn lẹ́nu ọ̀nà pé pílọ́ọ̀sì mélòó ni tìrẹ. Ẹni tó bá ní mẹ́ta á máa rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ẹ dárí jì mí, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni mo ń ṣe é fún. Ibí yìí gan-an ló ń tì mí lójú jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Tí olùkọ́ bá wá, tàbí òṣìṣẹ́ kánsù, tàbí ẹnikẹ́ni tó lè mú ìwé mi lọ bá dókítà l'Ọ́wọ̀, mo máa ń wo tiwọn dáadáa. Ẹni tí mi ò ní wo tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ kí n tó wo ojú. Ẹni tó bá wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, màá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí yẹ̀pẹ̀ oko bá gbẹ mọ́ sílípáàsì rẹ̀, màá kọ pílọ́ọ̀sì fún un. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọgbọ́n orí ara mi ni.

Mo ní àwíjàre tí mo máa ń wí fún ara mi. Mo ní ẹ̀fọn pọ̀ lóko, bópẹ́ bóyá ibà á wà lára wọn. Mo ní oògùn ibà kì í pani. Òótọ́ sì ni, oògùn kọ́ ló pa obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí. Ohun tí mi ò wá ló pa á.

Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni Ìyá Kọ́lá wá láti Ìmórù, nígbà tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí etí títì. Ọ̀kadà ló gbé e wá. Ó wà láàárín ọlọ́kadà àti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyàwó yẹn sì pọn ọmọbìnrin kan sẹ́yìn. Ìrètí lorúkọ ọmọ náà, torí náà Ìyá Ìrètí ni màá máa pe ìyàwó yìí. Kọ́lá, ọkọ rẹ̀, bá àwọn agégi lọ sínú igbó lọ́nà jíjìn, kò sí nílé.

Ìyá Kọ́lá kì í ṣe arúgbó kùjọ́kùjọ́. Obìnrin tó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ni. Ara rẹ̀ gbóná, ọ̀fun ń dùn ún débi pé kò lè gbé ẹ̀kọ mì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé àwọn ti lo oògùn ibà nílé, kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo wo ẹsẹ̀ wọn.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ Ìyá Kọ́lá. Mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo sá a kó gbẹ. Bí mo ṣe ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ ni obìnrin kan wọlé, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, òun náà ní ibà ń ṣe òun. Mo nu àga fún un. Mo wo ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ láti òpin dé òpin, mo sì wo ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ibà. Inú ìtọ̀ ni mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Mo ní kó má lo oògùn ibà rárá, kó lọ Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lọ. Ó wà láàyè dòní. Tó bá di Kérésì, ó máa ń fi adìyẹ ránṣẹ́ sí mi, ó ní èmi ni Ọlọ́run lò fún òun. Adìyẹ náà kì í gba ọ̀fun mi kọjá.

Gíláàsì Ìyá Kọ́lá wà lórí tábìlì kan náà, ó ti gbẹ. Mi ò pa á láró. Mi ò gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo kọ pílọ́ọ̀sì méjì fún ibà, mo kọ táífọ́ọ̀dù, mo lu òǹtẹ̀. Ìyá Ìrètí fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ tòun tọmọ lẹ́yìn.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ibà Lásà nígbà yẹn, ibà tí eku ń kó ran ènìyàn. Rédíò ń pariwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi gan-an ti ra ike olómorí fún gaàrí ilé mi. Láàbù wa kò ní ohun tí a fi ń yẹ ibà Lásà wò, mi ò ní purọ́ ìyẹn fún yín, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń gbé aláìsàn dé Ọ̀wọ̀ lásìkò: kò sí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Gbólóhùn yẹn ni mo fún ọ̀gá ilé-ìwé. Òun náà ni mo fi du Ìyá Kọ́lá.

Wọ́n mú ìwé mi lọ sí kẹ́míìsì. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ibà, wọ́n fa omi sí i lára. Ìyá Ìrètí ló dúró tì í. Òun ló ń nu èébì, òun ló ń fọ aṣọ, òun ló ń fi ṣíbí fún un lómi ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ojú Ìyá Kọ́lá wú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi ìdí eyín rẹ̀, ni wọ́n tó wá gbé e sínú mọ́tò. Kò dé Ọ̀wọ̀.

Ẹnu ọlọ́kadà tó gbé wọn wá ni mo ti gbọ́. Mo ti ilẹ̀kùn láàbù. Gíláàsì rẹ̀ ṣì wà nínú àwo tí a ń kó wọn sí kí a tó fọ̀ wọ́n. Mo pa á láró, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo wò ó láti òpin dé òpin. Mo tún un wò. Mo ń bẹ kòkòrò ibà pé kó jọ̀ọ́ kó yọjú sí mi. Kò sí ẹyọ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi ọṣẹ fọ gíláàsì náà. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní, mo dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àìsàn gbé Ìyá Ìrètí fúnra rẹ̀ dálẹ̀. Ibà kan náà, ọ̀fun kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ohun tó fi ṣe ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń padà bọ̀ wá bá a. Ó dùbúlẹ̀ sínú yàrá, ó kù díẹ̀ kó lọ, Ọlọ́run kò gbà. Nígbà tó máa dìde, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àbúrò bàbá Kọ́lá wá bá mi ní láàbù. Bàbá àgbà kan ni, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ pé pérépéré. Ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Ó ní mọ̀lẹ́bí ń jókòó lórí ikú ìyàwó àwọn, àwọn kò sì fẹ́ ṣi ẹnikẹ́ni dá lẹ́jọ́, ìdí tí òun fi wá rèé.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé yín yìí, ṣé kì í parọ́?"

Mo ní, "Ìwé wa kì í parọ́, Bàbá."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Tó bá jẹ́ ibà ni, oògùn ibà ti wọlé. A jẹ́ pé ohun mìíràn ló pa á."

Ẹ rí i bó ṣe rí? Bàbá yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ronú dáadáa, orí irọ́ tí mo gbé fún un ló kàn fi ìdí ìrònú rẹ̀ lé. Ìwé sọ pé ibà ni, wọ́n tọ́jú ibà, aláìsàn kú. Ó wá ku ọwọ́ ènìyàn. Ọwọ́ ta ló sì ń fún un lómi ẹ̀kọ? Ká ní mo kọ ọ́ pé mi ò rí nǹkan kan ni, àyè ì bá ṣì wà fún àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Èmi ni mo dí àyè yẹn pa. Mo fi ọwọ́ kọ irọ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo wá fi ẹnu sọ ọ́.

Wọ́n ní Ìyá Ìrètí fi májèlé sínú ẹ̀kọ. Wọ́n lé e. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní bá apànìyàn lọ, wọ́n já Ìrètí gbà lẹ́nu ọmú. Kọ́lá dé láti inú igbó, ó bá ọ̀rọ̀ nílẹ̀, kò lè lanu. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba ọmọ tọ́. Ìyá Ìrètí padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ute, ó ń bá ènìyàn yan gaàrí.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Mi ò ní sọ fún yín pé oorun dá lójú mi lójoojúmọ́, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè gbé irọ́ ru kó tún máa rìn geere. Mo tilẹ̀ ń kọ pílọ́ọ̀sì lọ fún sáà kan sí i lẹ́yìn ikú yẹn, torí bí mo bá ṣíwọ́ lójijì, ó dà bí ẹni pé mo gbà fún ara mi pé mo jẹ̀bi. Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Àṣepamọ́ náà ni mo ń ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹ́ mi lápá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà Ìdóàní kan. Ìrètí ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó bá àǹtí rẹ̀ wá ra nǹkan. Ìyá rẹ̀ náà wà lọ́jà. Ó ra máńgòrò, ó rọra sún mọ́ ọmọ náà nígbà tí àǹtí ń dúnàá dúrà, ó nà án sí i. Ìrètí kúnlẹ̀, ó gbà á. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yí ẹ̀yìn padà, ọmọ náà gbé máńgòrò náà sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan ọwọ́ obìnrin yẹn. Ojú fèrèsé láàbù ni mo ti ń wò wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ rí i. Mo rò pé ó rí i, torí mi ò tún rí i kó ra nǹkan kan fún un mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbé gíláàsì ará oko kan sábẹ́ ẹ̀rọ, mo wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ ohun tí mi ò rí mọ́. Ọ̀gá mi bínú. Mo ní tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò wá gbà á. Àwọn ará oko bú mi, wọ́n ní Àǹtí Láàbù ti gbàgbé iṣẹ́. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń ṣàlàyé fún wọn, pé tí mo bá ní kò sí ibà, kì í ṣe pé kò sí àìsàn, ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n tètè wá a síbòmíràn ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. A ti wá ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó máa ń fi kúlà gbé ẹ̀jẹ̀ lọ Ọ̀wọ̀ nígbà tí ara bá fu wá sí aláìsàn kan. Àwọn tó lọ tí wọ́n padà bọ̀ wà. Mo rò pé ìyẹn á pa ti Ìyá Kọ́lá rẹ́. Kò pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwa oníláàbù kéékèèké sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ l'Ọ́wọ̀. Dókítà obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ lórí ibà Lásà. Ó ní ibà tí oògùn ibà kò ràn. Ó ní ọ̀fun. Ó ní ojú tó ń wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní ìdí eyín. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Ó wá ní lára àwọn tó bá yè é, etí àwọn mìíràn a máa di, ọ̀kan tàbí méjèèjì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ṣe ibà náà rí kì í tètè gbàgbé, pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àyẹ̀wò lè ṣì fi hàn pé ó ti gba ara ẹni náà kọjá. Gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi gbé bíìrò mi sílẹ̀.

Ṣé ó yé yín? Mi ò lè búra pé ibà Lásà ló pa Ìyá Kọ́lá. Kò sẹ́ni tó lè búra mọ́, mo ti fi ọṣẹ fọ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ohun tó lè gba Ìyá Ìrètí sílẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ń gbé e kiri, kò mọ̀. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà. Ó kàn ku kí ẹnìkan sọ fún un pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni náà á sì ní láti sọ bó ṣe mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé wá bá mi. Ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, ojú mi kò tíì gbàgbé àṣà burúkú yẹn. Bàtà tó bo ọmọ ìka ló wọ̀. Kò bá a lẹ́sẹ̀ mu, mo rò pé ó yá a ni. Ó wọ bàtà torí pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Ó tú ọ̀rá kan. Ìwé àyẹ̀wò yẹn ló wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n. Ó ní bàbá àgbà yẹn jù ú mọ́ òun lọ́jọ́ tí wọ́n lé òun, òun sì ṣà á, torí òun mọ̀ pé ọjọ́ kan á wúlò.

Ó ní, "Àǹtí, Ìrètí ti fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo bẹ̀ wọ́n kí n máa rí i, wọ́n ní kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú mọ̀lẹ́bí. Wọn ò jẹ́ kí n wọ ulé yẹn látọjọ́ náà. Mi ò lẹ́nìkan tó máa bá mi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ìmórù, kí ẹ sọ fún wọn pé ibà ló pa Màmá, bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí."

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá lọ sọ ohun tó ní kí n sọ, bàbá àgbà yẹn ṣì wà láàyè, á tún ní oògùn ibà ti wọlé. Èmi ni màá tún fi ẹnu mi dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, òun á sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, wọ́n sì lè fi ọlọ́pàá mú mi. Ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ni mo ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀rù mìíràn tún wà, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí àwáwí: àwọn ará oko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba láàbù gbọ́ ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ti ń kọ irọ́ fún wọn rí, ta ni wọ́n á tún gbé aláìsàn wọn wá bá? Mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún. Níbi tí mo bá rò ó dé, máńgòrò yẹn ni mo ń rí lẹ́bàá gọ́tà.

Mo sọ fún un pé màá wá. Mi ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ká ìwé náà padà sínú ọ̀rá bí ẹni ká owó ìyàwó.

Ó ní, "Àǹtí, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ nípa mi."

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Apá òsì rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò ṣèèṣì dúró síbẹ̀. Mo mọ etí tó gbọ́, mo mọ èyí tí kò gbọ́. Mo fi ẹnu mi sún mọ́ èyí tí kò gbọ́, mo ní, "Irọ́ ni ìwé yẹn. Mi ò wo ẹ̀jẹ̀ Màmá. Èmi ni mo lé ẹ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ẹ."

Ó mọ̀ pé atẹ́gùn fẹ́ sí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó yí etí ọ̀tún sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ kú sùúrù mi, Àǹtí, ẹ̀gbẹ́ yẹn ò gbọ́. Kí lẹ wí?"

Mo ní, "Mo ní kí o máa rọra lọ."

Ẹ̀yin tí etí yín ṣí, ẹ̀yin ni mo wá sọ ọ́ fún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá a ní Ute kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí n mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò l'Ọ́wọ̀ lákọ̀ọ́kọ́? Ṣé kí n dúró títí dé Ìmórù, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo yẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kí ilé-ìwé tó wọlé. Etí rẹ̀ tó ń gbọ́ ku ẹyọ kan. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí n lè bá ìyẹn sọ̀rọ̀.